Ojú ọjọ́ yí, ìdánrawò ńkọ́? Taijiquan, xingyi àti bagua láti ìgbà òtútù dé ìgbà ooru

Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Taijiquan onígbésẹ̀ 24 (ìjà Ṣáínà tí à ń ṣe jẹ́jẹ́) àti ìdúró gangan (zhan zhuang) ogún ìṣẹ́jú ni mò ń ṣe lójoojúmọ́, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀ṣẹ́ márùn-ún ti xingyi, ìjà Ṣáínà mìíràn, kún un. Ìgbà òtútù ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣé kí n dín in kù ni, àbí kí n gbé e wọlé, àbí kí n máa ṣe é bó ṣe wà? Orúnkún ọ̀tún máa ń dùn mí bí òwúrọ̀ bá tutù. Mo tún ń gbọ́ pé ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tirẹ̀ lọ́dún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Adúrógangan

Àbúrò, má dá a dúró o. Àwọn oníjà ní Ṣáínà máa ń pòwe pé nígbà òtútù kí á ṣe ìdánrawò ní "mẹ́sàn-án kẹta", nígbà ooru kí á ṣe é ní "fu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta". Láti ọjọ́ tí òru gùn jù lọ lọ́dún ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ ní mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ìdìpọ̀ kẹta bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 9 sí 17 oṣù kìíní, nígbà tí òtútù ń mú jù. Fu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní tirẹ̀, ìyẹn àwọn ọjọ́ tí ooru ń mú jù, máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù keje, ó sì máa ń gba ọjọ́ 30 tàbí 40. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbọ́ nínú òwe yẹn ni pé kéèyàn fìyà jẹ ara rẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Kí okùn má já ni wọ́n ń sọ. Ìlànà kì í yí: orí nàró, ejìká rọ̀, ìgbáròkó ṣí, èémí balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìdodo. Ìwọ̀n ló ń yí: bí o ṣe lọ sílẹ̀ tó, bó ṣe pẹ́ tó, wákàtí tí o jáde, àti iye ìṣẹ́jú tí o fi mú ara gbóná.

Nígbà òtútù, inú ilé ni ìṣẹ́jú 15 sí 20 àkọ́kọ́. Rìn kánkán fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: yí ọrùn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ogún ìgbà, gbé orúnkún sókè sódò, yí ìbàdí ní ogún ìgbà sọ́tùn-ún àti ogún ìgbà sósì, jẹ́ kí apá méjèèjì máa fì bí ìbàdí ṣe ń yí, kó o tó wá kan ejìká àti ọrùn. Má fi ọwọ́ lé orúnkún kó o máa yí wọn kiri o. Títẹ̀ àti nínà ni iṣẹ́ orúnkún, kì í ṣe yíyí. Lẹ́yìn èyí, ṣe "fífa òwú ṣẹ́dà" tí àwọn ará ìdílé Chen (ìdílé taijiquan kan) ń pè ní chansigong, ìyẹn fífi ìbàdí yí apá ní òbìrí, ìgbà mẹ́wàá sí méjìlá lápá kọ̀ọ̀kan. Bí iwájú orí bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí òógùn fẹ́ẹ́rẹ́ ń yọ, ìgbà yẹn ni kó o jáde.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó o bá máa ṣe 24 níta, jẹ́ kí ìdúró rẹ fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀. Ìgbà kejì ni kó o sọ̀ kalẹ̀ síbi tó mọ́ ọ lára. Bó o bá ń ṣe fajin, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ tó ń bú jáde lójijì, má fọwọ́ kàn án kí ogún ìṣẹ́jú tó pé. Iṣan tútù kì í tètè fà, kì í sì í tètè tú. Èyí tó ń ju ẹ̀ṣẹ́ ti fà, èyí tó yẹ kó tú sílẹ̀ ní òdìkejì ṣì dì gbagidi. Ibẹ̀ ni iṣan ẹ̀yìn itan ti ń ya, ibẹ̀ náà ni ìgbọ̀nwọ́ ti ń nà kọjá ààlà rẹ̀.

Atúnṣeegun

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí orúnkún, torí òun ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró lẹ́nu taijiquan. Òtútù kọ́ ló ń bà á jẹ́. Àṣìṣe tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni òtútù ń tú síta.

Ẹ wo bí ẹ ṣe ń yí ẹsẹ̀. Nínú ìdúró ọrun (orúnkún iwájú tẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nà), nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wà lórí ẹsẹ̀ iwájú, ìdá 30 wà lẹ́yìn. Kí ẹ tó lè gbé ìgbésẹ̀ tó kàn, ẹsẹ̀ iwájú náà ní láti yí síta ní nǹkan bí ìwọ̀n 45. Ọ̀pọ̀ ló ń yí i nígbà tí gbogbo ara ṣì jókòó lé e. Bàtà rọ́bà di ilẹ̀ mú, àtẹ́lẹsẹ̀ kò yí, ìbàdí ti yí lọ, orúnkún tó wà láàárín ló wá gba gbogbo ìlọ́pọ̀ náà. Nígbà ooru, ara rọ̀, ẹ kò ní fura. Ní òwúrọ̀ tútù, ó di ìrora lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú orúnkún.

Bí ẹ ṣe máa tún un ṣe nìyí. Ẹ kọ́kọ́ jókòó padà sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn títí ọmọ ìka ẹsẹ̀ iwájú fi gbéra nílẹ̀ fúnra wọn. Ẹ jẹ́ kí ìgbáròkó yí ẹsẹ̀ náà lórí gìgísẹ̀. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ gbé ìwọ̀n ara padà síwájú. Ó lè dà bíi pé ó ń fa ìjáfara, ṣùgbọ́n ìjáfara yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀: ẹsẹ̀ òfìfo àti ẹsẹ̀ kíkún.

Ẹ lè dán an wò. Ẹ so òkúta kékeré mọ́ okùn, ẹ di okùn náà mú sí àárín orúnkún iwájú nínú ìdúró ọrun, kí ẹnì kan bá yín wò ó. Ó yẹ kí òkúta náà rọ̀ sórí ìlà ìka ẹsẹ̀ kejì. Bó bá ń rọ̀ sí ọ̀nà inú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò, ìgbáròkó yín ti pa dé. Bó bá kọjá orí ọmọ ìka lọ síwájú, ẹ ti tẹ̀ jù. Orúnkún tó bá wú, tàbí tó há tí kò ṣeé nà tán, tàbí tó ń yẹ̀ lójijì, ti dókítà ni, kì í ṣe ti ìjíròrò.

Rìnyíká

Ti aṣọ kò ṣeé fojú di. Èyí tó kan ara kò gbọdọ̀ jẹ́ aṣọ òwú, torí òwú máa ń mu òógùn, á sì mú un dání. Bí ẹ bá dúró sinmi báyìí, aṣọ tútù yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ooru ara yín lọ. Irun àgùntàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí polyester ni kó wà nínú, kí èyí tó nípọn tẹ̀ lé e, kí èyí tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá wà lókè. Ibi mẹ́ta ni kí afẹ́fẹ́ má rí: ẹ̀yìn ọrùn, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, àti ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn àgbà ní Ṣáínà máa ń sọ pé kéèyàn yẹra fún afẹ́fẹ́ bí ẹni ń yẹra fún ọfà. Ìgbà tí òógùn bá ti bo ara ni ọ̀rọ̀ náà wúlò jù. Ẹ mú ẹ̀wù gbígbẹ kan dání. Gbàrà tí ẹ bá parí, ẹ pààrọ̀ èyí tó ti rin, kí ẹ tó dúró bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Fún àwa oní-bagua, ìjà Ṣáínà tí wọ́n ń rìn yí òbìrí ká: nínú ìgbésẹ̀ bí ẹni ń rìn nínú ẹrẹ̀ (tang ni bu), ẹsẹ̀ máa ń sún lọ sí iwájú lẹ́bàá ilẹ̀, á sì balẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń fi gìgísẹ̀ balẹ̀ kọ́kọ́, ilẹ̀ tí ìrì dídì bò tàbí ewé tútù á gbé e ṣubú. Ẹ fẹ òbìrí náà lójú: dípò ìgbésẹ̀ mẹ́jọ, ẹ ṣe é ní méjìlá tàbí mẹ́rìndínlógún, kí ìyípo má bàa le mọ́ ẹsẹ̀ inú. Ẹ dín gígùn ìgbésẹ̀ náà kù. Bí ẹsẹ̀ tó wà níwájú bá ń yọ̀ kí ẹ tó gbé ara lé e, ẹ rí i pé ẹ ṣì lè fà á padà. Bí ẹ kò bá lè fà á padà, ìgbésẹ̀ yẹn ti gùn jù.

ÈémíBalẹ̀

Wákàtí ìjáde ńkọ́? Ìmọ̀ràn tó wà nínú Huangdi Neijing, ìwé ìṣègùn àtijọ́ ti Ṣáínà, ni pé nígbà ìrúwé àti nígbà ooru, kéèyàn pẹ́ díẹ̀ kó tó sùn, kó sì tètè jí. Nígbà ìwọ́wé, kó tètè sùn, kó sì jí pẹ̀lú àkùkọ. Nígbà òtútù, kó tètè sùn, kó sì dúró de oòrùn kó tó dìde. Ó bá ohun tí ara fẹ́ mu. Ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ ni òtútù máa ń mú jù, nítorí náà ẹni tó ń jáde ní aago márùn-ún àárọ̀ nígbà ooru lè sún un sí mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá nígbà òtútù láìjẹ̀bi ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ o. Lára àwọn ìwé orí igi oparun tí wọ́n hú jáde ní Zhangjiashan ní ìpínlẹ̀ Hubei, nínú ibojì tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 186 ṣáájú Kristi, ìwé ìmárale kan wà tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sọ pé ìgbà ìrúwé ń bí, ìgbà ooru ń dàgbà, ìgbà ìwọ́wé ń kórè, ìgbà òtútù ń tọ́jú pa mọ́.

Ẹ̀ṣẹ́BíÀáké

Ó kan ẹ̀ṣẹ́ márùn-ún wàyí. Bí wọ́n ṣe pín in sábẹ́ ohun ìpìlẹ̀ márùn-ún ti àwọn ará Ṣáínà (igi, iná, ilẹ̀, irin, omi) nìyí: beng, tó ń lọ tààrà bí ọfà, jẹ́ ti igi, ẹ̀dọ̀ àti ìgbà ìrúwé. Pao, tó ń bú bí àgbá, jẹ́ ti iná, ọkàn àti ìgbà ooru. Heng, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, jẹ́ ti ilẹ̀, ẹ̀yà inú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn (spleen) àti ìparí ìgbà ooru. Pi, tó ń là bí àáké, jẹ́ ti irin, ẹ̀dọ̀fóró àti ìgbà ìwọ́wé. Zuan, tó ń lu jáde bí omi ìsun, jẹ́ ti omi, kíndìnrín àti ìgbà òtútù.

Ẹ fi pi bẹ̀rẹ̀, ìgbà yòówù kó jẹ́. Òun ni ìyá àwọn yòókù, ẹni tí pi rẹ̀ kò bá tíì dúró, zuan rẹ̀ á kàn jẹ́ apá tó ń lọ sókè lásán. Láti inú santishi, ìdúró ìpìlẹ̀ xingyi, ọwọ́ iwájú fà wá sí ìsàlẹ̀ ìdodo, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó gba àyà gòkè, ó sì jáde láti ibi ẹnu títí dé ìwọ̀n imú, pẹ̀lú ìka kékeré tó yí sókè. Ní àkókò kan náà, ẹsẹ̀ iwájú gbé ìdajì ìgbésẹ̀, ó yà síta. Ọwọ́ ẹ̀yìn wá gba orí ìgbọ̀nwọ́ àti apá tó ti nà yẹn kọjá, bó ṣe dé orí ẹ̀ṣẹ́ ló là, ó sì já bọ́ síwájú, ọwọ́ tó kọ́kọ́ jáde fà padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo. Ọwọ́ tó là àti ẹsẹ̀ tó wọlé gbọ́dọ̀ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ tẹ́tí sí i: bí ẹ bá gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ ti dé, apá nìkan ló lu, ara kò sí níbẹ̀. Bí ejìká bá gbé sókè, èémí á há sí àyà, ẹ̀ṣẹ́ náà á sì fúyẹ́. Ẹ mí síta láti imú bí ọwọ́ ṣe ń là, ẹ má sì di èémí mú.

Ní ti ìgbà: èyí tó bá ni ìgbà ni kí ẹ fún ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Ẹ má pa àwọn mẹ́rin tó kù tì. Bí wọ́n ṣe ń tò ó nìyí: pi, zuan, beng, pao, heng, torí irin ń bí omi, omi ń bí igi, igi ń bí iná, iná ń bí ilẹ̀. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò fún oṣù mẹ́ta ti já ẹ̀wọ̀n náà.

Atúnṣeegun

Mo fara mọ́ fífi mẹ́wàá kún un, pẹ̀lú àfikún kan. Pípín tí wọ́n pín in bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀nà láti rántí àti láti tò ó. Ẹ má gbára lé zuan láti wo kíndìnrín tó ń ṣàìsàn sàn.

Ẹ̀ṣẹ́BíÀáké

Òótọ́ ni. Èmi náà kò ní sọ ọ́ fún aláìsàn.

ÈémíBalẹ̀

Ìró èémí mẹ́fà (liu zi jue), tí à ń pè bí a ṣe ń mí síta, náà ní ìgbà tirẹ̀: xu fún ìrúwé, he fún ooru, hu fún ìparí ooru, si fún ìwọ́wé, chui fún òtútù. Ẹ̀kẹfà, xi, kò ní ìgbà kan pàtó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lẹ̀ ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ́wé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé jù, torí afẹ́fẹ́ ti ń gbẹ nígbà náà. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tútù lè mú kí ọ̀nà èémí fún, pàápàá fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Ẹ fi imú mí sínú. Ẹ da ìbòrùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu àti imú. Ẹni tí dókítà fún ní oògùn ìfásímú kó mú un dání, kó má fi sílẹ̀ nílé. Bí ẹ kò bá lè fi imú nìkan mí mọ́ láàárín taijiquan tó lọ́ra, ẹ ti ń yára jù tàbí ẹ ti lọ sílẹ̀ jù.

Adúrógangan

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìgbà ooru, torí ibẹ̀ ni èèyàn ti ń dákú.

Ìdúró gangan nínú ooru léwu ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Bí ara bá gbóná, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ nísàlẹ̀ awọ á gbòòrò. Bí ẹsẹ̀ kò bá mira, iṣan ọmọ ẹsẹ̀ kò ní fún ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Ẹ̀jẹ̀ á jókòó sísàlẹ̀, orí á ṣófo. Ohun tí o máa kọ́kọ́ rí ni pé ojú ń ṣókùnkùn láti ẹ̀gbẹ́ wá, etí ń hó, òógùn tútù ń bọ́ lórí ètè. Má fara dà á. Jókòó lójú ẹsẹ̀, tàbí kó o dùbúlẹ̀ kó o gbé ẹsẹ̀ lé nǹkan. Láti dènà rẹ̀: má ti orúnkún pa, máa sún ìwọ̀n ara láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, fi ọmọ ìka tẹ ilẹ̀ kó o sì tú u, kó o sì gé ogún ìṣẹ́jú sí méjì.

Omi: nǹkan bí ìdajì lítà ní wákàtí méjì ṣáájú, lẹ́yìn náà mílílítà 150 sí 200 ní ìṣẹ́jú 15 sí 20 kọ̀ọ̀kan bí òógùn bá pọ̀. Wọn ara rẹ ṣáájú àti lẹ́yìn. Kílò kan tó dín jẹ́ nǹkan bíi lítà omi kan, o sì nílò láti mu díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti kọjá wákàtí kan, omi nìkan kò tó, fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ tó kún fún omi burú ju oòrùn gbígbẹ lọ, torí òógùn kò ní gbẹ, ara kò sì ní tutù. Ooru náà kì í mọ́ra lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ 10 sí 14 ni ara fi ń mọ̀ ọ́n, nítorí náà ìdajì ìdánrawò ni kó o ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Bí ẹnì kan bá ń sọ ìsọkúsọ, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, yálà ó ń làágùn tàbí kò làágùn, ẹ máa da omi tútù sí i lára, kí ẹ sì pe àwọn oníṣègùn.

Ohun rere kan wà nínú ooru: ara rọ̀, fajin kì í sì í tètè ṣe èèyàn léṣe. Ìdìpọ̀ mẹ́fà ti ẹ̀ṣẹ́ márùn-ún márùn-ún, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ láàárín, ti tó. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí rírọ̀ náà tàn ọ́ láti na iṣan jù, ó lè jẹ́ lọ́jọ́ kejì lo máa mọ̀.

Rìnyíká

Ìgbà ìrúwé ni èmi bẹ̀rù jù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ inú ilé, gbogbo èèyàn á sáré jáde sórí koríko, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ gan-an lọ́jọ́ kan náà. Iṣan ara tètè ń lágbára. Okùn iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ kì í tètè tẹ̀ lé e. Ẹ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kún ìdánrawò lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú kún un lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má tún sọ̀ kalẹ̀ sí i. Bí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bá le gbagidi nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ nílẹ̀ láàárọ̀, ẹ padà sí ìwọ̀n ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ojúọ̀run

Ẹ jọ̀ọ́, níbi tí kò sí yìnyín ńkọ́, tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò nìkan ni?

ÈémíBalẹ̀

Ìwà ojú ọjọ́ ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má tẹ̀ lé orúkọ oṣù. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ tí eruku sì ń fẹ́, ẹ ṣe bí ti ìwọ́wé: ìdánrawò tó lọ́ra, òógùn díẹ̀, imú nìkan, kí ẹ sì wọlé bí eruku bá pọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ tí ara sì wúwo, ìparí ìgbà ooru ti àwọn ará Ṣáínà nìyẹn: ìrìn àti heng ju ìdúró pípẹ́ lọ, ilẹ̀ tí kò yọ̀, kò sì sí ìdánrawò níta bí àrá bá ń sán. Ẹni tó wà ní Ọsirélíà náà, oṣù keje ni òtútù tirẹ̀. Kò yẹ kó máa ka fu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tó ń gbọ̀n.

Akẹ́kọ̀ọ́Tuntun

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti rí ibi tí orúnkún mi ti ń jìyà, mò ń yí ẹsẹ̀ kíkún lóòótọ́. Ìbéèrè kan ló kù: ìdúró ogún ìṣẹ́jú yẹn, ṣé mo lè ṣe é níta nígbà tí omi ń dì?

Adúrógangan

Kì í ṣe ogún lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó dúró kò ní ooru tó ń mú jáde bí ẹni tó ń rìn. Gé e sí mẹ́ta, ìṣẹ́jú méje méje, kó o rìn kánkán fún ìṣẹ́jú méjì láàárín wọn. Má dúró sórí kọnkéré tàbí òkúta tútù, tẹ́ pátákó tàbí ẹní tó nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀. Wọ ìbọ̀wọ́ tí kò há. Bó o bá gbé ọwọ́ sí ìwọ̀n àyà, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dé orí ìka, nítorí náà sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí ìwọ̀n ìdodo lọ́jọ́ tó tutù jù. Yọ ìbọ̀wọ́ kó o wò wọ́n láàárín ìdúró kan sí èkejì. Bí orí ìka bá ti di aláìmọ̀lára tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣá, wọlé. Má fi ọwọ́ ra á, má sì gbé e súnmọ́ iná. Fi í sábẹ́ abíyá títí ìmọ̀lára fi padà, kó o sì parí èyí tó kù nínú yàrá. Bí kò bá padà, lọ bá dókítà.